Gbígbin ewé àti egbò ìṣègùn Ṣáínà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láti orí irúgbìn dé inú àpò

Ẹ̀ẹ̀mejì ni qinghao tí mo gbìn yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ga ju kókósẹ̀ mi lọ. Qinghao ni ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Artemisia annua, èyí tí wọ́n ti ń fa artemisinin jáde láti fi ṣe òògùn ibà. Ní Ṣáínà, ó máa ń ga ju àgbàlagbà lọ kó tó yọ òdòdó. Nínú oko tèmi lójú ọ̀nà Ìdànrè, kò tíì pé oṣù méjì tí mo kó o kúrò ní nọ́sìrì tó fi yọ òdòdó wẹ́wẹ́, tó so, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ewé tí mo ká lórí ebè mẹ́rin kò kún igbá kan. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní ilẹ̀ ni kò lọ́ràá tó, mo lọ ra imí adìyẹ. Nígbà kejì, imí adìyẹ mú kí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi kókósẹ̀ náà ló tún dúró sí.

Gígùn ọ̀sán ló fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí látorí oòrùn, kí n tó mẹ́nu kan ọkọ́ àti àdá. Ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún ni ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ìdànrè tàbí ní Ìta-Ògbólú, tó ti gbọ́ pé owó wà nínú ewé Ṣáínà, tí kò sì fẹ́ fi ọdún kan àbọ̀ ṣòfò bí mo ṣe fi ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ bi oòrùn léèrè

Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ọ̀sán wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láti ọdún dé ọdún. Èyí tó gùn jù, nínú oṣù kẹfà, jẹ́ wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Èyí tó kúrú jù, nínú oṣù kejìlá, jẹ́ wákàtí 11 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ìyàtọ̀ wọn kò pé wákàtí kan. Ní Beijing, ọ̀sán oṣù kẹfà máa ń tó wákàtí 15, ti oṣù kejìlá sì máa ń dín sí wákàtí 9 àti díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ewé àríwá Ṣáínà ló fi ìyàtọ̀ yìí ṣe kàlẹ́ńdà. Bí ọ̀sán bá ti dín sí nǹkan bíi wákàtí 13 àti ààbọ̀, qinghao gbà pé òtútù ti ń bọ̀, á sì sáré yọ òdòdó kó lè so kó tó kú. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí ọ̀sán gùn tó bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tó ti yọ lórí ilẹ̀ ló ti gbà pé òpin ọdún dé. Ajílẹ̀ kò lè yí i lọ́kàn padà, omi kò lè yí i lọ́kàn padà. Juhua, òdòdó tí wọ́n ń rẹ mu bíi tíì, ń ṣe bákan náà. Zisu (Perilla frutescens) náà kò yàtọ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti òtútù. Irúgbìn ginseng gbọ́dọ̀ la ọ̀pọ̀ oṣù kọjá nínú ilẹ̀ tó móoru, kó tún la òtútù kọjá, kó tó lè hù. Lẹ́yìn èyí, egbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi nínú òtútù lọ́dọọdún, fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, kí wọ́n tó wú u. Ọyẹ́ wa kò sún mọ́ ohun tó ń wá rárá. Danggui (Angelica sinensis) jẹ́ ti orí òkè tútù ní Gansu. Huangqi (Astragalus) fẹ́ ilẹ̀ yanrìn tó jìn, níbi tí òjò kò ti pọ̀. Òjò oṣù keje ní Àkúrẹ́ á jẹ́ kí egbò rẹ̀ rà kó tó tó ìka ọwọ́. Gouqi, èso pupa wẹ́wẹ́ tí Ningxia fi lókìkí náà, ilẹ̀ gbígbẹ àti òru tútù ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta irúgbìn ginseng fún yín láti gbìn sí Àkúrẹ́, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa lọ.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan, daodi, tó túmọ̀ sí ewé tó ti ilẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ wá. Dihuang, tó jẹ́ egbò kan, Henan ni wọ́n ń wá a sí. Sharen, tó jẹ́ èso olóòórùn kan, Yangchun ní Guangdong. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá lẹ́kúlẹ́jà wa náà máa ń bi ẹni tó bá kó egbò wá pé igbó wo ló ti wú u. Ohun tó túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ Oǹdó ni pé oníbàárà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní san iye tó ń san fún ti Henan fún dihuang tó bá ti Àkúrẹ́ wá, kódà bó bá hù. Ìdí nìyẹn tí ojú mi fi wà lára ewé gúúsù Ṣáínà: ti Guangdong, Guangxi, erékùṣù Hainan àti Xishuangbanna ní Yunnan, níbi tí ooru wà, tí òjò ń rọ̀ gan-an, tí rọ́bà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù bíi tiwa.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ ewé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré

Láàárín ọdún 1990 sí 1992, ní Brussels ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n fún àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù ní òògùn tó ní ewé Ṣáínà nínú. Èyí tí wọ́n ní lọ́kàn láti lò ni Stephania tetrandra, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hanfangji. Èyí tó wà nínú òògùn náà gan-an ni Aristolochia fangchi, guangfangji. Fangji ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu ọjà. Kídìnrín àwọn obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún bàjẹ́, àwọn kan nínú wọn sì tún ní jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, orúkọ Látìn tí àwọn onímọ̀ ń lò ni kí ẹ máa fi ra irúgbìn, òun náà ni kí ẹ máa fi tà. Orúkọ Ṣáínà nìkan kò tó. Orúkọ Yorùbá náà kò tó, torí ewé tí ará Oǹdó ń pè ní orúkọ kan, ará Ìbàdàn lè máa fi orúkọ yẹn gan-an pe òmíràn. Bí ohun tí ẹ gbìn bá ti yọ òdòdó, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó àti èso, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewé ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Ìbàdàn, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo ewé tó bá wà nínú ìdílé Aristolochia, ẹ má gbìn ín rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí mo máa yàn

Mo gbé fóònù mi lọ bá ìyá lẹ́kúlẹ́jà kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwòrán ewé tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà.

"Ẹ kú ọjà o, màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lẹ̀ ń wá?"

Mo fi àwòrán hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń mi orí, wọn ò mọ̀ wọ́n. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú. "Ẹ̀kan nìyí! Ẹ̀kan tí ẹ ń fi ọkọ́ lé kiri oko yín!" Ẹ̀kan ni lóòótọ́, Imperata cylindrica. Egbò rẹ̀ funfun tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ni Ṣáínà ń pè ní baimaogen, tí wọ́n ń lò fún ìtọ̀ àti fún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ti tún mọ pápásán (Portulaca oleracea, machixian) àti abíkolo (Eclipta prostrata, mohanlian).

Ibẹ̀ ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kò nílò irúgbìn òkè òkun, wọn kò nílò ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti mọ oòrùn wa. Ẹ ya ebè kan sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ewé, bí wọ́n ṣe ń sá a, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ já igi abíkolo kan wò: láìpẹ́, ojú ibi tí ẹ ti já a á dúdú bíi tàdáwà. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà náà "mo", tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mohanlian, tàdáwà gan-an ló túmọ̀ sí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kan. Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbìn ín sí, ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká, kí ẹ sì tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí ògiri kòtò náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gba gbogbo oko.

Lẹ́yìn wọn, mo yan mẹ́rin. Chuanxinlian (Andrographis paniculata) ni mo fẹ́ràn jù. Íńdíà àti Sri Lanka ni ilé rẹ̀, gúúsù Ṣáínà kàn gbà á tọ́ ni, nítorí náà òun náà jẹ́ àlejò tó rí ibi dúró sí. Guanghuoxiang (Pogostemon cablin), tí àwọn olóòórùn dídùn mọ̀ sí patchouli, dára fún ẹni tó ní oko kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí ó fẹ́ ibòòji. Yiyiren (Coix lacryma-jobi) ni ọkà tí kóró rẹ̀ le bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe àgbàdo ni ẹ máa ṣe é, àfi pé ó máa ń pẹ́ tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, àwọn ẹyẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni atalẹ̀, tí kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n.

Qinghao ńkọ́? Àwọn tó ń gbìn ín ní Kenya, Tanzania àti Uganda, orí òkè tó tutù ni wọ́n ti ń ṣe é, irúgbìn àdàlù (èyí tí wọ́n fi oríṣi méjì bí), tó máa ń pẹ́ kó tó yọ òdòdó, ni wọ́n sì ń lò. Àkúrẹ́ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irúgbìn tó ń pẹ́ yọ òdòdó, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i, màá sọ bí wọ́n ṣe ń fi iná tàn án jẹ.

Sharen (Amomum villosum) náà máa ń wu àwọn olóko kòkó, torí abẹ́ igi ló ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni ẹ máa dúró kó tó so. Kòkòrò tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú òdòdó rẹ̀ kò sì pọ̀ níbi gbogbo. Ní Ṣáínà pàápàá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé àtíkè òdòdó láti ibì kan sí ibòmíràn kó tó lè so dáadáa. Ẹni tó bá ní sùúrù àti ọmọ púpọ̀ nílé lè dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: irúgbìn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé

Ẹ má ṣe fi irúgbìn pamọ́ sínú báàgì láti òkè òkun. Àjọ tó ń mójú tó irè oko àti kòkòrò ní ẹnubodè, NAQS, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ, kí irúgbìn náà tó gbéra ni ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gbà á. Orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ náà gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Mo mọ̀ pé ó ń gba àkókò. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí àrùn ṣe fún atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná ní ọdún 2023: ọ̀pọ̀ oko rà mọ́ ilẹ̀, àwọn tó ti fi atalẹ̀ tọ́ ọmọ láti ìgbà pípẹ́ sì pàdánù. Àrùn tí a bá fi ọwọ́ ara wa gbé wọ Oǹdó kò ní mọ ààlà oko tiyín yàtọ̀ sí ti aládùúgbò.

Nítorí ìdí kan náà, ẹ yẹ atalẹ̀ tí ẹ máa gbìn wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e sí méjì: bí àárín rẹ̀ bá dúdú, tó bá ń sun omi tàbí tó ń rùn, ẹ má gbìn ín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ilẹ̀ tó mọ́

Ilẹ̀ ọlọ́ràá wà ní Oǹdó, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni oko kòkó àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn bàbá wa fi ń fín òògùn kọ́pà sí kòkó nítorí àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú, tí wọ́n sì ń fín lindane, tí wọ́n mọ̀ sí Gamalin 20, nítorí kòkòrò. Kọ́pà kì í jẹrà. Ó ń kóra jọ sí òkè ilẹ̀, ibi tí gbòǹgbò ewé kéékèèké wà. Ẹni tó bá ń mu àgbo tí wọ́n se láti ara ewé tó hù níbẹ̀ lójoojúmọ́, omi tó ti fa díẹ̀ nínú kọ́pà náà jáde ló ń mu. Mi ò ní gbin ohunkóhun tí a ń wú egbò rẹ̀ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bu ilẹ̀ láti ibi mẹ́wàá nínú oko, láti òkè dé ibi tó jìn tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ dà á pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀rá (kì í ṣe ti irin), ẹ bu ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú rẹ̀ lọ fún àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kọ́pà, òjé àti cadmium (irin olóró bíi òjé) ni ẹ fẹ́ mọ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rá ilẹ̀. Ẹ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ títì, sí ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, sí ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀. Oko tí wọ́n ń fín òògùn apakoríko sí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún kan kí ẹ tó gbin ewé sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: nọ́sìrì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Ẹ ṣe àtíbàbà ọparun tó ga tó ìbàdí, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí oòrùn máa wọlé ní ìdajì. Ilẹ̀ tí ẹ máa lò: ilẹ̀dú òṣùwọ̀n mẹ́ta, yanrìn odò òṣùwọ̀n kan, imí adìyẹ tó ti tutù òṣùwọ̀n kan. Imí adìyẹ tó ṣì ń gbóná tí ẹ bá tọwọ́ bọ àárín rẹ̀ kò tíì tó lò. Á jó irúgbìn. Ẹ sẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí láti pa ohun tó ń jẹ́ kí irúgbìn rà, ẹ jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì.

Chuanxinlian ní èèpo líle. Ẹ rẹ irúgbìn rẹ̀ sínú omi láti alẹ́ dé àárọ̀, kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ẹ fi ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ á hù lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan á hù lọ́sẹ̀ kìíní, àwọn mìíràn á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín oṣù kẹta ni kí ẹ fọ́n ọn, kó lè tó gbé lọ sóko ní ìparí oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti dúró dáadáa.

Irúgbìn qinghao kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gíráàmù kan lè ní ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Bí ẹ bá mí lé e, ó ti lọ. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ wọ́n ọn sójú ilẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sóríi ẹja. Ẹ má bò ó, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Ẹ má bomi rin ín láti òkè náà. Ẹ gbé àwo tí ó wà nínú rẹ̀ sínú abọ́ omi, kí omi máa fà wá láti ìsàlẹ̀ títí ojú ilẹ̀ á fi tutù.

Bí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ so gílóòbù sólà méjì mọ́ abẹ́ àtíbàbà, kí wọ́n wà ní ìwọ̀n apá kan sí orí ewé. Kí wọ́n máa tàn láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú títí di aago mẹ́wàá alẹ́, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Ewé náà á gbà pé ọ̀sán gùn, kò ní ronú òdòdó. Ẹ lè tọ́ ìyá igi bíi mẹ́wàá sábẹ́ iná yìí, kí ẹ máa gé ọ̀mùnú rẹ̀ gbìn sínú ọ̀rá nọ́sìrì, kí àwọn wọ̀nyí náà wà lábẹ́ iná títí wọ́n á fi ga tó orúnkún kí ẹ tó kó wọn sóko. Lóko, wọ́n á rí ọ̀sán kúkúrú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdó, àmọ́ ewé á ti wà lára wọn. Ọ̀nà yìí dára fún ebè mẹ́wàá sí ogún. Mi ò rò pé ó tó fún ẹ́kà kan. Ẹ má sì fi èso irúgbìn àdàlù gbin ọdún tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ọ́.

Guanghuoxiang kì í sáábà yọ òdòdó, nítorí náà igi rẹ̀ ni a ń gé gbìn. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì, ẹ yọ ewé ìsàlẹ̀, ẹ fi ewé méjì sílẹ̀ lókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú yanrìn tútù lábẹ́ ibòòji. Ní nǹkan bí oṣù kan, ó ti ta gbòǹgbò.

Ìgbésẹ̀ keje: oko

Ẹ gbé chuanxinlian sóko ní ìrọ̀lẹ́, ní àyè tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta mítà láàárín ara wọn, lórí ebè tó ga, torí kò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun. Guanghuoxiang fẹ́ àyè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìdajì mítà àti díẹ̀, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kòkó tuntun tí wọn kò fín òògùn sí. Aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀: bí ewé bá ń rọ lọ́sàn-án tí omi sì wà nílẹ̀, ẹ fa ọ̀kan tu, kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀; bó bá ní kókó kókó, ẹ má gbìn ín síbẹ̀ mọ́ fún ọdún díẹ̀. Atalẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: oṣù kẹrin, ojú ìyọ kan tàbí méjì lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, koríko gbígbẹ bò ó lórí, kí ẹ sì wú u lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án tí ewé bá ti gbẹ.

Ọkọ́ àti ọwọ́ ni kí ẹ fi ro oko. Ewé tí ẹnìkan máa sè mu kò gbọdọ̀ rí òògùn apakoríko. Tata lè jẹ díẹ̀ lára chuanxinlian, kì í pọ̀. Ewúrẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan lóko mi, kò padà wá mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kíká àti sísá

Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ ní Beijing tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015, ka ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà ayé àtijọ́, tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, ó sì rí i pé wọ́n kàn ní kí wọ́n rẹ qinghao sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Kò sí iná níbẹ̀. Ó fura pé ooru ló ń ba agbára ewé náà jẹ́ nínú ìdánwò tí wọ́n ti ń ṣe, ó lo ether, tó máa ń hó ní nǹkan bíi dígírì 35 péré, ó sì rí ohun tó ń wá. Àgbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yẹn wà fún pẹ̀lú. Ẹ lè gbin ewé dáadáa fún oṣù mẹ́rin, kí ẹ bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì lórí páànù gbígbóná.

Ẹ ká chuanxinlian nígbà tí òdòdó rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ gbé e sóko. Bí ẹ bá tẹ̀ lé àkókò tí mo sọ, á bọ́ sí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ṣètò gbogbo rẹ̀ mọ́ ìsinmi yẹn ni. Lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ ní àárọ̀ ni kí ẹ gé e, kí ẹ fi igi tó ga tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kó lè tún rú. Qinghao, nígbà tí ó bá ní ọmọ òdòdó tí kò tíì là. Guanghuoxiang, láti ìgbà tó bá ti pé oṣù márùn-ún lóko. Òórùn rẹ̀ kì í pọ̀ ní tútù, inú gbígbẹ ló ti ń jáde.

Ẹ sá a sórí àwọ̀n tí ẹ nà sórí ọparun, kí ó ga tó ìbàdí, kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Abẹ́ òrùlé ni, oòrùn kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bí ẹni ń yí kòkó. Ẹ má sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ má sá a sórí ẹní tí kòkó ti wà, ẹ má fi èéfín gbẹ ẹ. Pápásán yàtọ̀, torí omi pọ̀ lára rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣáínà ni pé kí wọ́n bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná díẹ̀ kí wọ́n tó sá a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa hù lórí àwọ̀n. Egbò ẹ̀kan àti atalẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, àwọn lè rí oòrùn.

Bí igi rẹ̀ bá dún "pó" nígbà tí ẹ ṣẹ́ ẹ, tí ewé sì fọ́ lọ́wọ́, ẹ kó ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò tó mọ́, ẹ dé e pa mọ́jú. Bí ẹ bá rí omi lára ìgò láàárọ̀, ẹ padà lọ sá gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo kó sápò kánjúkánjú ní ọdún kan bu funfun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì dá iná sun gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: tí ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó gbìn ju ebè mẹ́wàá lọ. Ìyá lẹ́kúlẹ́jà tí mo sọ níṣàájú ló kọ́kọ́ ra chuanxinlian mi. Wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ewúro ń bọ̀ lẹ́yìn èyí." Ewé gbígbẹ lásán ni mo tà fún wọn. Bí ẹ bá fẹ́ dì í sínú páálí, kí ẹ kọ orúkọ àti ìlò sí i lára, NAFDAC ló gbọ́dọ̀ fún yín ní nọ́ńbà kó tó dé ọjà.

Ẹ má ta qinghao fún ẹni tí ibà ń ṣe kó lọ fi se tíì mu dípò òògùn ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fọwọ́ sí i, torí kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, tí kò bá sì tó, ibà á padà wá, kòkòrò rẹ̀ á sì máa kọ́ bí yóò ṣe borí òògùn náà. Ẹ má ta òun tàbí chuanxinlian fún aboyún. Ẹ bi í kí ẹ tó gba owó.

Lára àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ Látìn, ebè tó ti wá, ọjọ́ tí ẹ ká a, ọjọ́ tó gbẹ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Nínú ìkórè kọ̀ọ̀kan, ẹ bu gíráàmù 100 sínú ìgò, ẹ kọ ohun kan náà sí i lára, kí ẹ fi pamọ́ fún ọdún méjì. Bí ẹnìkan bá padà wá sọ pé ewé yín ṣe òun báyìí, ìgò yẹn ni ẹ máa gbé lọ fún àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.